Ẹ̀wà Tó Kọ̀ Tí Kò Jinná Ní Jọ́ọ̀sì

Mo rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé òtútù rẹ̀ kò jọ òtútù kankan tí mo mọ̀ rí. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ó jókòó sílẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Kùrukùru bo àwọn àpáta tó yí àdúgbò wa ká. Orí igi mángòrò tó wà lẹ́yìn ilé ni mò ń rí, n kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá dà bí igi tí wọ́n so rọ̀ láti òkè. Epo pupa ti dì nínú ìgò. Omi inú garawa ń ta ni lọ́wọ́ bí iná, bí mo sì ti ń fi ṣe àlùwàlá ni mò ń sọ nínú ara mi pé ẹni tó bá kírun lónìí, láádá rẹ̀ á pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni èéfín iná tí mo dá. N'Ílọrin, bí a bá dáná, èéfín á gbéra, á fò kọjá òrùlé, á bá tirẹ̀ lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, kò gbéra. Ó ń rìn nílẹ̀ káàkiri àgbàlá bí ológbò, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tọ àwọn ará ilé, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń húkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlú Jọ́ọ̀sì la wà nígbà náà. Agboolé àfáà ni wọ́n ti bí mi ní àárín ìlú Ìlọrin, kò jìnnà sí Ọjà Tuntun, níbi tí ògiri ilé kan ti ń fi èjìká ti ògiri ilé kejì, tí a kì í sì í húkọ́ kí ilé mẹ́ta má kí wa pẹ̀lẹ́. Mo kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó, n kò bá a rìn jìnnà. Nígbà tí mo tó ilé ọkọ í lọ, wọ́n fi mí fún ọmọkùnrin ìyá oníṣòwò aṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Tuntun. Jọ́ọ̀sì ni ọmọ náà ti ń ta aṣọ, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ta aṣọ títí Ọlọ́hun fi pè é. Báyìí ni èmi tí n kò tíì sun ibòmíràn ju ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ rí ṣe di ará orí òkè.

Ọkọ̀ tó gbé wa lọ gun òkè, ó tún gun òkè, mo rò pé sánmọ̀ là ń lọ. Bí a ti ń gòkè ni etí mi méjèèjì ń dí, tí mò ń gbọ́ ohùn ọkọ mi bí ẹni pé inú kànga ló wà. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹkún tí mo sun nígbà tí mò ń dágbére ló ṣàn wọ etí. Bísíkíìtì kan tún wà tí ìyá mi rà fún mi láti máa jẹ lọ́nà. Nígbà tí a fi Ìlọrin sílẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ. Nígbà tí a gun òkè tán, ọ̀rá náà ti wú le bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní ó ti bàjẹ́. Mo yọ́ ọ jù gba ojú fèrèsé ọkọ̀. Kò pẹ́ ni ọkọ mi yíjú sí mi.

"Bísíkíìtì yẹn dà? Ebi ń pa mí."

"Ó ti wú."

"Ó wú? Bísíkíìtì ń wú?"

Mo rí i tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà kì í pariwo. Títí ó fi kú, ẹ̀rín rẹ̀ kì í ju abẹ́ ọwọ́ lọ.

Ilé tí a gbé, ilé oníyàrá púpọ̀ ni, àgbàlá kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, tíṣà obìnrin kan ni, ará Ọ̀fà, tó ti pẹ́ ní Jọ́ọ̀sì ju bí mo ti rò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ìlọrin mọ bí ọ̀rọ̀ àwa àti Ọ̀fà ti rí, a ò lè fira wa sílẹ̀, a ò sì lè dẹ́kun yẹ̀yẹ́ ara wa. Kí n tó kúrò nílé, ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi: "Má jẹ́ kí aládùúgbò mọ ohun tó ń lọ nínú ìkòkò rẹ." Nígbà tí mo wá rí i pé ará Ọ̀fà ni aládùúgbò mi, mo di ìkìlọ̀ náà mú bí ẹni di okùn mú lẹ́nu kànga. Tí mo bá ti ń dáná, tí mo bá ti gbúròó rẹ̀, ọmọrí ìkòkò ni n ó kọ́kọ́ wá.

Ohun tí mò ń bò náà nìyí: ẹ̀wà kò jinná fún mi. Èmi tí mo ti ń se ẹ̀wà fún agboolé láti ìgbà tí mo ti lè gbé odó! N'Ílọrin, tí mo bá gbé ẹ̀wà kaná lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí oòrùn tó ga, ó ti rọ̀ bí ẹnu ọmọ tuntun. Ní Jọ́ọ̀sì, omi á hó, kódà á tètè hó ju tilé lọ, inú mi á dùn. Ẹ̀wà á máa fò sókè, á máa fò sílẹ̀, á máa ṣe bí ẹni tó ń jó, ṣùgbọ́n tí o bá fi eyín kàn án, òkúta ni. Ọkọ mi á jẹ ẹ́. Á ní, "Alihamudulilai, eyín mi ń le sí i." Nígbà tó yá, mo yẹra fún ẹ̀wà pátá. Tùwó ni mò ń rò, ẹ̀kọ ni mò ń rà, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Àṣé ọgbọ́n tí mo gbọ́n, ọjọ́ sàráà ń bọ̀ wá tú u. Lọ́dọọdún, ní ìrántí ọjọ́ tí bàbá ọkọ mi kú, ẹbí a máa ṣe sàráà fún un. Àfáà á wá pẹ̀lú àwọn ọmọ kéwú, wọ́n á ka Kùráánì, wọ́n á ṣe àdúà, ẹbí á sì pín ẹ̀wà sísè fún gbogbo wọn, nítorí pé ẹ̀wà ni oúnjẹ tí bàbá náà fẹ́ràn jù láyé. Ìlọrin ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé Jọ́ọ̀sì ni bàbá ti jẹun pẹ́ jù, ibẹ̀ ni kí á ti ṣe é, àti pé òun ń bọ̀ fúnra òun. Kò wá sí Jọ́ọ̀sì rí. Ọkọ rẹ̀ á lọ, á bọ̀. Òun jókòó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, ó ga, kì í sì í tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé wọn tí gbogbo ìyàwó ibẹ̀ mọ̀: ìkòkò ìyàwó tí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé kì í gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọkàn mi kò sí nílé. Ọkọ mi kò ṣe mí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n mò ń ṣàárò. Mò ń ṣàárò ooru. Mò ń ṣàárò ariwo Ọjà Tuntun, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá láti gáà, abúlé wọn, ohùn àwọn ọmọ kéwú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ni mò ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ó wá ọ̀nà tí n ó fi padà sílé láìsí ìtìjú. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ mí, mo rántí ọ̀rọ̀ ilé wọn yẹn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní, ìkòkò yìí ti mọ̀ mí.

Lówùúrọ̀ olótùútù tí mo fi bẹ̀rẹ̀, a ti kírun tán, ìyá ọkọ mi sì gbé àpótí jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi aṣọ méjì bora. Ó ní, "Ìyàwó, gbé e kaná kí n máa wò ọ́." Mo ṣa ẹ̀wà, mo fọ̀ ọ́, mo gbé ìkòkò irin kaná. Kò pẹ́ rárá tí omi fi hó.

"Ta ló wá ní iná Jọ́ọ̀sì kò dára?" ni ìyá wí. "Wò ó, omi ti hó ná."

Mo da ẹ̀wà sí i. Mo koná. Mò ń ka kàlímà nínú ọkàn mi. Nígbà tó ṣe, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í là, kùrukùru tú díẹ̀díẹ̀, èéfín náà wá rí ọ̀nà gbéra lọ sókè. Àwọn àpáta jáde síta, gbogbo ojú ayé ń dára, àfi ojú ìkòkò mi. Ní ìyálẹ̀ta, ìyá dìde, ó fi ṣíbí bu ẹ̀wà díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀. Ó jù ú sẹ́nu, a sì jọ gbọ́ ọ tó ró kò. Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ bínú, ì bá sàn fún mi.

"Ìyàwó," ó ní, "èmi kò bí ọ, ṣùgbọ́n mo bí ọmọbìnrin. Mo mọ ẹni tó ń ṣàárò ilé. Lọ di ẹrù rẹ. Lọ́la, èmi àtìwọ la jọ ń lọ. Kí ìyá rẹ tún ọ tọ́jú díẹ̀, ká wò ó bóyá ọkàn rẹ á bá ẹsẹ̀ rẹ wá lọ́jọ́ mìíràn."

Ẹ wo àdúà mi tó gbà! Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́hun fún ló gbé lé mi lọ́wọ́ yìí, mo sì wọ yàrá lọ láti di ẹrù. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo ń to ìró àti bùbá mi sí i. Mo kan agbádá ọkọ mi tí mo ti fọ̀ tí mo sì ti ká, mo gbé e kúrò lórí ẹrù mi, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé e sí. Mo dì í mú lọ́wọ́ bí òmùgọ̀. Mo ronú kan obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì tí òun wà n'Ílọrin, ẹni tí wọ́n á máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ibi ìsọmọlórúkọ pé, "Ṣé àlàáfíà la rí ọ?" Mo ronú pé ta ni ọkùnrin yìí á máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín sí. Omi lé sí mi lójú. Ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ilé wa n'Ílọrin ṣí fún mi ni mo rí i pé n kò fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ ọ́ fún? Ìkòkò ti jẹ́rìí lòdì sí mi. Mo so ẹrù náà.

Nígbà tí mo jáde, ìyá ọkọ mi ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ti gbé ìkòkò kejì kaná, ó ti ṣa ẹ̀wà mìíràn sínú rẹ̀. Ó ní, "Jókòó síbẹ̀ yẹn. Wo bí wọ́n ti ń se ẹ̀wà n'Ílọrin." Mo jókòó, mo ń wò. Ó koná, ó fẹ́ ẹ, ó bu omi tútù lé e bó ti yẹ, ó fi kánún díẹ̀ sí i, ó bò ó. Ó ṣí i, ó tún un bò. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Lọ́jọ́ náà ni mo rí i pé àgbà pàápàá lè jẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Iná jẹ igi tán, ìyá tún kó òmíràn sí i. Nígbà tí àkókò ìrun àyìlá ń súnmọ́, ó bu ẹ̀wà tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún bu òmíràn. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.

N kò rẹ́rìn-ín. Ṣé mo ya wèrè ni? Mo wolẹ̀.

Ìgbà yẹn ni tíṣà ará Ọ̀fà ṣí ilẹ̀kùn. Ilé ìwé kò wọlé lọ́jọ́ náà, ó sì ti ń fa èéfín wa símú láti ìdájí. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó wo ìkòkò méjèèjì, ó wo ojú wa méjèèjì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará Ìlọrin! Ẹ̀wà lẹ ń bá jà láti àárọ̀?"

"Ará Ọ̀fà," ìyá dáhùn, "bó o bá wá rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín kíá kí o máa lọ. Àfáà ń bọ̀."

"Ẹ máà bínú, ìyá. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Kì í ṣe ọwọ́ ìyàwó yín náà. Òkè tá a wà yìí ni."

"Òkè ṣe kí ni?"

Tíṣà jókòó sórí odó tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, bá ò tilẹ̀ rí i, ó wúwo. Ó tò lé wa lórí láti ilẹ̀ títí lọ sókè réré. Ó ní Ìlọrin wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lórí wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ti gun òkè, a ti fi púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tó kù lórí wa kéré, ó sì fẹ́lẹ́.

"Kí ni ìyẹn kan ẹ̀wà ọkọ mi?"

"Ìyá, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń tẹ omi lórí tí kì í jẹ́ kó tètè hó. N'Ílọrin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, omi á gbóná gidi kó tó ráyè fò. Níbí, ohun tó tẹ̀ ẹ́ kò tó nǹkan. Kó tó gbóná tó yẹn, ó ti ń hó."

"Omi tó ń hó yìí," ìyá nawọ́ sí ìkòkò, "o fẹ́ sọ fún mi pé ó tutù?"

"Kò tutù, ìyá. Kò kàn gbóná tó omi tó ń hó ní Ọjà Tuntun ni. Ẹ lè kó gbogbo igi inú igbó sábẹ́ rẹ̀. Híhó lá máa hó, kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Èmi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mo rò pé híhó ni híhó. Mo wo ìyá ọkọ mi. Ó ń fi ọwọ́ kan pa ọwọ́ kejì, bó ti máa ń ṣe nígbà tó bá ń wọn aṣọ fún oníbàárà.

"Ìdì aṣọ," ó wí lójijì. "Tí mo bá to aṣọ lé ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ti ìsàlẹ̀ á tẹ́ bí ìwé. O ò ní mọ̀ pé aṣọ olówùú ni. Ti òkè pátápátá, á wú, á rọ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba àárín rẹ̀. Ìlọrin ni aṣọ ìsàlẹ̀. Àbí?"

Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Ìyá, ẹ ti gbà á ju àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ!"

"Má pọ́n mi lé. Ará Ọ̀fà kì í pọ́n ará Ìlọrin lé lásán." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń wá sí i létè. "Ìwọ, láti ìgbà tó o ti wà níbí, o ò lè sọ ọ́ fún ọmọ yìí?"

"Ṣó bi mí ni? Ìyàwó yín á kí mi dáadáa, á sì bo ìkòkò rẹ̀ wàràwàrà. Mo rò pé ẹran erin ló ń sè."

Ìyá yíjú sí mi. Mo tún wolẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, èmi sì ti fi gbogbo ọdún yẹn ṣìnà nínú àgbàlá kan ṣoṣo, nítorí pé ẹni tí ǹ bá bi léèrè, Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i.

Tíṣà ní nílé òun, òun máa ń rẹ ẹ̀wà sómi di ọjọ́ kejì ni, ṣùgbọ́n èyí ti kọjá ìyẹn. Ó ní bí afẹ́fẹ́ kò bá tẹ omi wa, àfi kí àwa tẹ̀ ẹ́ fúnra wa. Ó ní kí n bu èlùbọ́ wá. Ó pò ó mọ́ omi, ó fi lẹ ẹ̀gbẹ́ ọmọrí ìkòkò méjèèjì yí ká, ó wá fi ààyè kékeré sílẹ̀ lápá kan kí ooru lè máa yọ́ jáde, ó ní bí a bá dí i pa, ìkòkò á fò mọ́ wa lójú. Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ ọlọ wá gbé ka orí ọ̀kan, wọ́n sì wá òkúta fún èkejì. Ẹ ò bá rí wa, obìnrin mẹ́ta tó dúró yí iná ká, tí à ń wo ìkòkò tí a fi èlùbọ́ rẹ́ lẹ́nu bí ẹni pé olè la tì mọ́bẹ̀.

Ẹnu ìgbà náà ni ọkọ mi wọlé, ó ní àfáà àti àwọn ọmọ kéwú ti dé iwájú ilé, wọ́n ti kírun àyìlá, ṣé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀?

Ìyá ní, "Sọ fún àfáà pé kó bẹ̀rẹ̀. Kó ka Yásínì. Kó kà á kó dára, kó má kánjú."

Wọ́n ka Yásínì. A gbọ́ ohùn àwọn ọmọ láti ẹ̀yìn ilé, ó dùn, ó sì kúrú. Ọkọ mi padà wá.

"Wọ́n ti kà á tán, ìyá."

"Kí wọ́n tún un kà."

"Ìyá?"

"Bàbá rẹ ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni? Kí wọ́n tún un kà fún un!"

Báyìí la ṣe ń rán an. Lẹ́yìn Yásínì, ìyá ní kí wọ́n ṣe wáásí. Lẹ́yìn wáásí, ó ní kí wọ́n ṣe àdúà fún bàbá bàbá náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní fún àwọn àbúrò rẹ̀, fún àwọn tó bá a ta aṣọ, fún àwọn tó rà á. Ọkọ mi ń lọ, ó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mọ́. Àwọn ọmọ kéwú tí ebi ti ń pa ń pariwo "Àmín" bí ẹni tó fẹ́ fi ohùn ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná. N kò rò pé òkú kan wà ní gbogbo Jọ́ọ̀sì tó gba àdúà lọ́jọ́ kan tó bàbá ọkọ mi. Ká ní ẹ̀wà tètè jinná bó ti yẹ ni, kì bá tí rí ìdajì rẹ̀ gbà.

Nígbà tí òjìji ògiri ti ń gùn, tí wọ́n fẹ́ pe ìrun àláásárì, ooru tó ń yọ nínú àwọn ìkòkò ti yí òórùn padà. Tíṣà fi ọ̀bẹ ha èlùbọ́ tó ti gbẹ kúrò. Ìyá bu ẹ̀wà, ó fi àtàǹpàkò kàn án, ó sì fọ́ bí ìyẹ̀fun. "Àlùbáríkà," ó wí. Ìkòkò tèmi ló kọ́kọ́ jinná, nítorí pé ó ti wà lórí iná láti àárọ̀, ṣùgbọ́n n kò mẹ́nu bà á. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bóyá èlùbọ́ ló ṣe é ni o, bóyá òkúta, bóyá iná tó pẹ́, títí dòní n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. A bu ẹ̀wà fún àwọn ọmọ, wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni gbààwẹ̀. Àfáà jẹun tán, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe sàráà, òun kò tíì rí ẹbí tó fẹ́ràn òkú wọn tó báyìí.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, ìyá ọkọ mi pè mí jókòó tì í. Kò ní kí n má bínú. Àgbà ìgbà yẹn kì í bẹ ọmọdé. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé wa yẹn, ìkòkò ìyàwó, àwọn tó sọ ọ́ kò gun òkè rí." Ó tún aṣọ tó fi bora ṣe. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú rẹ láti ọjọ́ tí mo ti dé, kì í ṣe ẹ̀wà. Ẹrù rẹ ṣì wà ní dídì. Tó o bá fẹ́ bá mi lọ lọ́la, mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Tó o bá fẹ́ dúró, dúró. Má dá mi lóhùn nísinsìnyí."

Mo kó àwọn abọ́ tí àwọn ọmọ fi jẹun, mo lọ fọ̀ wọ́n.

Adéwọlé níhìn-ín n'Ílọrin ni mò ń gbé báyìí, gáàsì ni mo fi ń se ẹ̀wà, ó sì ń jinná láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì, tó gba yàrá sí Tanke, ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ tíṣà. Ó ní etí tó dí mi nínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde nígbà tí ti ìta fẹ́lẹ́. Ó ní bísíkíìtì tí mo sọ nù kò bàjẹ́ rárá, èyí sì dùn mí ju bó ti yẹ lọ. Ó ní òtútù ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kó ara jọ kó wúwo, tí ooru á sì tú u ká, ìdí nìyí tí èéfín mi kò fi gbéra lówùúrọ̀ ọjọ́ náà àfìgbà tí oòrùn mú. Ó ní ní ọ̀sán gbígbóná níhìn-ín pàápàá, bàálù máa ń sáré jìnnà nílẹ̀ kó tó lè gbéra, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa gbé e ti fúyẹ́. Mo ní mo gbọ́. Ọ̀dọ́ ni, ó fẹ́ kí ó yà mí lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi ti di ẹni ilẹ̀, ọkọ mi náà ti tẹ̀lé e, a sì ti kúrò lórí òkè náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ó ti pẹ́. Nígbà mìíràn, tí ooru Ìlọrin bá mú lọ́sàn-án, tí n kò rí orun sùn, òtútù yẹn ni mò ń ṣàárò. Èmi tí mo sunkún ooru!

Ní ọjọ́ kejì sàráà náà, mo jí ṣáájú gbogbo wọn. Òtútù náà ṣì wà níbẹ̀. Mo tú ẹrù mi, mo yọ aṣọ tó nípọn jù nínú rẹ̀, èyí tí ìyá mi fún mi, mo fi bo ìyá ọkọ mi léjìká nítorí ọ̀nà. Ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó mọ̀ pé inú ẹrù dídì náà ló ti wá, ó wé e mọ́ra. Mo gbé àpò rẹ̀ tẹ̀lé e dé ibùdókọ̀. Mo dúró títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà, tí n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo wá gba ọjà padà, mo ra ẹ̀wà, mo kan ilẹ̀kùn tíṣà, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, omi rẹ̀ á ti pọ̀ tó?" Ó jáde wá, ó wọ̀n ọ́n fún mi. Mo rẹ ẹ̀wà náà sílẹ̀ ní gbangba àgbàlá, láìbò ó, kí á lè sè é lọ́la.